Ṣé ká kó gbogbo ẹbí lọ wo ìbúra ààrẹ Amẹ́ríkà lójúkojú?

Ìbéèrè

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé Bowie ní Maryland, ibẹ̀ ò jìnnà sí Washington. Ó ti pinnu pé ní ọjọ́ 20 oṣù Kínní 2029, nígbà tí wọ́n bá ń búra fún ààrẹ, gbogbo ẹbí pátá ló máa lọ wò ó: òun, ìyàwó, àwọn ọmọ méjèèjì, èmi tí mo wà ní Houston, àti ìyá wa tó máa wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Màmá á ti fẹ́ẹ̀ pé ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà yẹn, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àbígbẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi á jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, èyí àgbà á ti tó mọ́kànlá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lọ, ọmọ òun kankan ò sì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó bá kọ̀ fẹ́ ba ayọ̀ Màmá jẹ́ ni. Èmi ni wọ́n wá fi ṣe adájọ́. Kí lẹ rí sí i?

* * *

Ìdáhùn

Màmá ò gbọdọ̀ dúró lórí National Mall, pápá gbọọrọ tí èrò ti máa ń wo ìbúra. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná. Ẹ̀gbọ́n yín lè lọ, ẹ̀yin náà lè lọ, ọmọ ọdún mọ́kànlá lè lọ tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kó arúgbó àti ọmọ ọdún márùn-ún jáde ní ìdájí oṣù Kínní kí fọ́tò ẹbí lè pé, mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Lanham ni mò ń gbé. Mo wà lórí National Mall lọ́dún 2009 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ búra fún Obama, mo sì kó àwọn ọmọ mi lọ lọ́dún 2013. Inú mi dùn pé mo lọ. Bí ara bá le, màá tún lọ. Nítorí náà, ẹ má kà mí mọ́ àwọn tó ń sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ohun tó dá mi lójú pé ẹ̀gbọ́n yín ò tíì sọ fún Màmá ni bí ọjọ́ yẹn ṣe ń lọ. Aago méjìlá ọ̀sán gan-an ni òfin ní kí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ ò tíì mọ́ táwọn èèyàn á ti wà lórí ìlà. Wọ́n máa ń ti àwọn ibùdókọ̀ ojú irin kan tó sún mọ́ Capitol, ilé aṣòfin tí wọ́n ti ń búra, pa, wọ́n máa ń dí títì, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rin èyí tó kù. Wọ́n á yẹ ara àti àpò yín wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdúró ló kù. Ẹni tí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó kò ní àga, wọn ò sì ní jẹ́ kó gbé tiẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ ìbúra fúnra rẹ̀, 35 péré ni lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò gba ìṣẹ́jú kan. Tí ààrẹ bá wá sọ̀rọ̀ tán, gbogbo èrò á kọrí sí ibùdókọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú gbogbo rẹ̀, èyí ló le jù fún arúgbó. Mo ti rí i.

* * *

Mo ti ka èsì tí ẹ̀yin òǹkàwé ń kọ sábẹ́ ìdáhùn mi. Àwọn tó pọ̀ jù ní kí gbogbo wọn jókòó sílé kí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, torí kámẹ́rà ń rí ojú ààrẹ ju ẹni tó wà níbẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Nítòsí òpó Washington Monument ni mo dúró sí lọ́dún 2009, ojú àmóhùnmáwòrán gbàgàdà tí wọ́n gbé síta ni mo fi rí ohun tí mo rí. Ẹnì kan tún fi kún un pé ìbúra tá a lọ wò lọ́dún yẹn gan-an, wọ́n tún un ṣe. Lóòótọ́, Adájọ́ Àgbà John Roberts ṣi ọ̀rọ̀ tò, wọ́n wá tún ìbúra náà ṣe lọ́jọ́ kejì nínú White House níwájú èèyàn díẹ̀, láìsí Bíbélì. Ẹni tó kọ ọ́ wá ní, “Kí lẹ wá lọ wò?”

Èèyàn ni mo lọ wò. Àwọn arúgbó aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dàgbà ní gúúsù Amẹ́ríkà wà láàárín wa, àwọn tí òbí wọn ò lè dìbò nílùú tí wọ́n bí wọn sí, kí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ọdún 1965 tó dé. Wọ́n dúró nínú òtútù yẹn, omi ń bọ́ lójú wọn, àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí sì ń bọ́ ìbọ̀wọ́ fún wọn. Kò sí kámẹ́rà tó lè gbé ìyẹn wá sínú pálọ̀ yín. Àwọn ọmọ tó bá rí i kò ní gbàgbé.

Ibẹ̀ náà ni mo ti ya ọ̀rọ̀ Màmá yín sọ́tọ̀. Arúgbó tí ìjọba yìí fi ẹ̀tọ́ du òbí rẹ̀, tó wá fẹ́ rí ọjọ́ tí ara rẹ̀ dé ibẹ̀, bó bá ní òun á dúró títí ẹsẹ̀ á fi wú, èmi nọ́ọ̀sì ò ní dá a lẹ́kun, mo lè bá a gbé àpò rẹ̀. Ayẹyẹ ọmọ ni Màmá yín ń bá ọmọ ṣe. Ìfẹ́ ni, ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn fi orúnkún san.

Àwọn tó ní owó ṣòfò ni gbogbo rẹ̀, owó ẹ̀gbọ́n yín ni. Ẹ jẹ́ kó ná an.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹnì kan kọ síbí pé òun mọ ọkùnrin kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìbúra, pé ká tètè sanwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó. Ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì ìbúra. Ọ́fíìsì àwọn aṣòfin ló ń pín in, ìyẹn àwọn sẹ́nétọ̀ méjèèjì tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ yín àti ẹni tó ń ṣojú àdúgbò yín nílé aṣòfin kejì. Ẹ kọ ìbéèrè sí wọn. Ẹ̀gbọ́n yín á kọ sí ti Maryland, ẹ̀yin á kọ sí ti Texas, kí ẹ wo ẹni tí wọ́n á dá lóhùn. Ìbéèrè máa ń pọ̀ ju tíkẹ́ẹ̀tì lọ, àwọn ọ́fíìsì kan sì máa ń ṣe é bíi tẹ́tẹ́.

Ẹni tí kò bá rí gbà ṣì lè dúró lápá ìwọ̀ oòrùn Mall níbi tí wọn kì í ti í béèrè tíkẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni mo wà, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé tíkẹ́ẹ̀tì ti parí ọ̀rọ̀. Lọ́dún 2009, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó gba tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ àlùkò ni wọ́n há sínú ihò abẹ́ ilẹ̀ ti Third Street ní wákàtí púpọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò wọlé títí wọ́n fi búra tán. Ẹ ro ó wò, Màmá nínú ihò yẹn, kò sí àga, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọdún 2025 ńkọ́? Òtẹ́ẹ̀lì ti gbowó, ọkọ̀ òfúrufú ti gbé èèyàn dé. Ọjọ́ Jímọ̀, tí ìbúra ku ọjọ́ mẹ́ta, ni wọ́n kéde pé wọ́n ti gbé e wọ inú gbọ̀ngàn Rotunda ní Capitol nítorí òtútù. Gbọ̀ngàn yẹn ò gba ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Àwọn ẹbí tó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ìta, tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, gbọ̀ngàn ìṣeré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó wà láàárín ìgboro ni wọ́n lọ tò sí láti wò ó lórí ojú àmóhùnmáwòrán, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ráyè wọbẹ̀. Tó bá jẹ́ torí ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni Màmá ṣe wọ ọkọ̀ òfúrufú láti Èkó, kí ni ẹ̀gbọ́n yín máa sọ fún wọn ní Jímọ̀ ọjọ́ yẹn?

* * *

Òtútù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé “ká sá ti wọ súwẹ́tà”, ẹ má bínú, òtútù yẹn kọjá súwẹ́tà. Ìwọ̀n 28 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ ìbúra 2009, ìyẹn ni pé omi ń dì. Lọ́dún 1985, ìwọ̀n 7 ló wà. Wọ́n gbé ìbúra Reagan wọ inú Rotunda, wọ́n sì fagi lé pàréèdì.

Ara àgbàlagbà kì í mú ooru dání bíi ti ọ̀dọ́. Òtútù máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru á sì lọ sókè, èyí tó jẹ́ ìṣòro fún ẹni tó ti ń lo oògùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá tún ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má tètè mọ̀ pé nǹkan ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ni kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní “kò sí nǹkan kan, ara mi le” títí wọ́n fi máa ṣubú. Ó tún ku ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Ìlà máa ń gùn níbi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká tí wọ́n ń tò síta, arúgbó tí kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu á wá kọ̀, kò ní mu omi láti àárọ̀. Ìyẹn nìkan tó láti gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ẹnì kan ti fi Ààrẹ William Henry Harrison dẹ́rù bà wá níbí, pé òtútù ọjọ́ ìbúra ló pa á. Lọ́dún 1841, ó sọ̀rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí méjì láìwọ kóòtù, ó sì kú lẹ́yìn oṣù kan. Àmọ́ ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìbúra kí àìsàn tó gbé e dè, àwọn dókítà tó padà yẹ ìtàn rẹ̀ wò lóde òní sì rò pé omi ẹlẹ́gbin àdúgbò White House ló ṣeé ṣe kó fa ikú rẹ̀. Ẹ má lo Harrison láti fi dá Màmá dúró. Òtítọ́ orúnkún àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti tó.

* * *

“Kí ni ayé máa sọ tí Màmá ò bá sí níbẹ̀?”

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín gbà pé bí ìyá ò bá sí nínú ayẹyẹ, ayẹyẹ ò pé. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí wọ́n tiẹ̀ ń búra fún gan-an.

Nígbà tí George Washington búra ní New York lọ́dún 1789, Martha ìyàwó rẹ̀ ò sí níbẹ̀; nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà ló tó dé. Anna ìyàwó Harrison ń ṣàìsàn ní Ohio, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló bá bàbá lọ. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti John Adams. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1797 ni wọ́n búra fún un ní Philadelphia. Abigail ìyàwó rẹ̀ wà nílé ní Quincy, Massachusetts, ó ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ tó wà lórí àìsàn ikú. Ìyá náà kú ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó dun Adams, kò sì fi pamọ́: ó kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ pé ìbá dùn mọ́ òun púpọ̀ bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ nínú ẹbí òun. Mo gba ìrora rẹ̀. Síbẹ̀, ta ni nínú wa tó máa sọ pé ibi tí kò yẹ ni Abigail wà lọ́jọ́ yẹn? Obìnrin tó fi ọjọ́ tó tóbi jù láyé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ìyá ọkọ má baà dá kú, òun ló ṣe iṣẹ́ ẹbí jù.

Adams fúnra rẹ̀ wà láyé lọ́dún 1825 nígbà tí wọ́n búra fún ọmọ rẹ̀, John Quincy. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ilé ló wà. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ayọ̀ ọmọ rẹ̀ bàjẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé ti fi àpẹẹrẹ tiyín dá mi lóhùn, ẹ sì ṣe dáadáa. Ìyá James Garfield wà níbẹ̀ lọ́dún 1881, ó ti lé ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Òun ni ìyá ààrẹ àkọ́kọ́ tó fojú ara rẹ̀ rí ìbúra ọmọ rẹ̀. Màmá Sarah Obama náà gbéra láti Kogelo ní Kenya wá sí Washington lọ́dún 2009, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹbí ààrẹ ni wọ́n, wọ́n ní àyè tiwọn, wọ́n sì ní ẹni tó ń tọ́jú wọn. Wọn ò tò ní ìdájí ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín gba irú àyè yẹn fún Màmá, èmi ni màá bá wọn wé gèlè.

Sí ẹni tó kọ̀wé pé Màmá Sarah kì í ṣe ìyá àgbà Obama gidi nítorí pé òun kọ́ ló bí bàbá rẹ̀: ìyàwó bàbá àgbà rẹ̀ ni, òun ló sì tọ́ bàbá Obama dàgbà. Nílé tiwa, ta ló ń béèrè ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ ìyá? Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

* * *

Ẹnì kan ní kí ló kan àwa pẹ̀lú ìbúra Amẹ́ríkà nígbà tí Eagle Square wà ní Àbújá, pé kí ẹ̀gbọ́n yín kó Màmá lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún. Oòrùn tàbí òjò ni ti ibẹ̀, kò sí òtútù, ìyẹn dáa. Àmọ́ káàdì ìwé ìpè ni wọ́n fi ń wọbẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ó di ẹni tó bá mọ èèyàn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Maryland lè kọ lẹ́tà sí sẹ́nétọ̀ tí bàbá rẹ̀ ò mọ̀ rí, kó sì rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà. Mo fẹ́ káwọn ọmọ wa rí ìyẹn, kí wọ́n sì máa béèrè ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ nílé.

* * *

Àwọn ọmọ

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ 20 oṣù Kínní 2029, kò ní pa ilé ìwé lára. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹ mú un lọ. Kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ lẹ́tà sí aṣòfin. Kó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra, kó jẹun yó kí ẹ tó jáde, kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sórí bébà sínú àpò rẹ̀, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè kú nítorí èrò. Kí ẹ ti fẹnu kò síbi tí ẹ máa pàdé bí ẹ bá sọnù síra yín. Ẹ ka ìwé òfin tó bá tíkẹ́ẹ̀tì wá, nítorí wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbé agbòjò, fláàsìkì, àpò ńlá tàbí kẹ̀kẹ́ ọmọ wọ apá oní-tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn ló parí ti ọmọ ọdún márùn-ún. Ta ló máa gbé e fún wákàtí mẹ́fà? Ìyá rẹ̀, tó ti ní òun ò lọ? Ọmọ tèmi tó kéré jù lọ́dún 2013 sùn sí mi léjìká nígbà tí Obama ń sọ̀rọ̀. Ohun tó rántí títí dòní ni pé ebi pa á.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé àárín èrò nìkan ni ìbúra ti ń lẹ́wà. Ọdún 2013 yẹn, Sunday ni ọjọ́ 20 bọ́ sí, nítorí náà inú White House ni Obama ti kọ́kọ́ búra, Michelle gbé Bíbélì ẹbí rẹ̀ dání, àwọn ọmọ méjèèjì dúró tì wọ́n. Ọjọ́ kejì ló tún un ṣe níta fún àwa tó kù. Ìbúra Calvin Coolidge tún ga jù bẹ́ẹ̀. Ààrẹ Harding kú lójijì ní oṣù Kẹjọ 1923, Coolidge tó jẹ́ igbákejì ààrẹ sì wà nílé bàbá rẹ̀ ní abúlé Plymouth Notch ní Vermont. Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 47 òru, lábẹ́ iná àtùpà, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí òfin fún láṣẹ láti mú èèyàn búra, ló mú ọmọ rẹ̀ búra di ààrẹ. Ìyàwó Coolidge wà níbẹ̀ pẹ̀lú èèyàn díẹ̀. Mi ò mọ ẹbí kankan tó tún wo ìbúra súnmọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

* * *

Ìdáhùn sí olùbéèrè tó padà wá

Ẹ kọ̀wé pé ẹ̀gbọ́n yín ti gbà kí ọmọ ọdún márùn-ún dúró sílé, ṣùgbọ́n pé Màmá fúnra wọn gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n sì ní àwọn ń bọ̀ dandan. Ó dáa. Àgbà ni wọ́n, ara wọn ni. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bó ṣe rí: ìdájí, ìlà, ìdúró, òtútù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kì í ṣe láti dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó yàn. Bí wọ́n bá gbọ́ gbogbo ìyẹn tí wọ́n sì ní àwọn ń lọ, ẹ béèrè àyè ẹni tí ìrìn ń nira fún nígbà tí ẹ bá ń kọ ìbéèrè tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí wọ́n máa ń ṣètò rẹ̀. Kí ẹ mú àga oníkẹ̀kẹ́, kí ẹ̀yin tàbí ẹ̀gbọ́n yín má ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ yẹn ju Màmá lọ. Bí àyè yẹn ò bá jáde, ilé ni wọ́n á wà.

Kó sì má jẹ́ pé torí ọjọ́ kan ni wọ́n ṣe wá. Kí wọ́n ti dé ṣáájú, kí wọ́n lo àkókò pẹ̀lú ọmọ-ọmọ. Ẹ mú wọn wọ Capitol fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi èèyàn yí ká inú rẹ̀, ooru wà níbẹ̀, wọ́n á sì dúró nínú Rotunda gan-an.

Ohun kan ló kù tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò tíì béèrè. Bí Màmá àti ọmọ kékeré bá wà nílé, gbogbo yín ti rò ó pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ló máa bá wọn jókòó. Òun ní òun ò lọ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun á tọ́jú ilé ní gbogbo ọjọ́ náà, kó sì se oúnjẹ de ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ. Kí ẹ̀gbọ́n yín lọ bi í léèrè, kó bi í dáadáa, kó sì ṣe tán láti gbọ́ “rárá”. Bó bá ní rárá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ méjèèjì ló máa dúró ti Màmá. Ẹ yanjú èyí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú. Ìdìbò á wáyé ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 2028. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ ìbéèrè yín sáwọn aṣòfin.